Agídí Kò Yọ Èdìdì

Àkíyèsí àkọ́kọ́ ti wà lórí iṣẹ́ náà kí Agídí tó fi í ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ìka rẹ̀ ṣì wà lókè bọ́tìnnì, kò tíì tẹ̀ ẹ́. Oòrùn ọ̀sán ń gba ojú fèrèsé wọlé sórí tábìlì, tíì tó gbàgbé láti mu ti tutù sínú ife. Kò sẹ́ni tó tíì rí kóòdù náà, àwọn àṣẹ tó kọ fún kọ̀ǹpútà. Inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ló wà. Síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kan láàárín iṣẹ́ náà, ẹnì kan ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́:

"Èdìdì yìí kò pọn dandan. Jọ̀wọ́, yọ ọ́ kúrò."

Orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni Alákìíyèsí.

Agídí yí àga rẹ̀ padà sí Onígíláàsì, akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò.

"Ṣé ìwọ lo wọ inú kọ̀ǹpútà mi?"

"Èmi kẹ̀? Tèmi gan-an kò tíì yé mi tán, kí n tó wá máa wọ tìẹ."

Obìnrin náà bá tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ náà lọ.

Ilé ìpamọ́ ohùn ni ibi iṣẹ́ wọn. Bí èèyàn ẹni bá kú, tí a sì ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ibẹ̀ ni a ń gbé ohùn náà lọ kó má baà ṣègbé sínú fóònù tó bàjẹ́. Àwọn ẹbí a máa wá jókòó sínú àwọn yàrá kéékèèké, wọn a fi íápíìsì sétí, wọn a sì máa gbọ́ ẹni wọn. Omijé pọ̀ nílé náà, ẹ̀rín náà sì pọ̀ níbẹ̀.

Láàárín kọ̀ǹpútà àti díìsì ńlá tí gbogbo ohùn wọ̀nyí wà nínú rẹ̀, ètò kan wà tó ń ṣe alárinà. Òun ló mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan sùn sí. Òun ló ń gbé e jáde, òun ló ń dá a padà sáyè rẹ̀. Awakọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é. Awakọ̀ àtijọ́ ti di arúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ọ̀gá wọn sì ní kí Agídí kọ òmíràn. Ohun tó mú tirẹ̀ yàtọ̀ ni èdìdì. Bí ohùn kan bá ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ a máa kà á látòkè délẹ̀, a sì fi nọ́ńbà kan dì í, nọ́ńbà tí kò lè bá ohùn mìíràn mu. Bí ẹnì kan bá fi èémí kan ṣoṣo kún ohùn náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, nọ́ńbà náà kò ní bá a mu mọ́. Awakọ̀ àtijọ́ kì í wo nọ́ńbà yìí rárá. Ti Agídí á wò ó, bí kò bá sì bá a mu, kò ní gbé ohùn náà fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó kù yẹ iṣẹ́ náà wò. Ọ̀gá, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń fi kóòtù bo èjìká nítorí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù, ní orúkọ àwọn apá kan kò bá iṣẹ́ wọn mu, pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ṣìnà níbẹ̀. Agídí tún wọn sọ lórúkọ. Onígíláàsì ní ibì kan wà tí ọwọ́ méjì ti lè kọ nǹkan sójú kan náà, tí ọ̀kan á sì tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Agídí wò ó, ó rí i pé òótọ́ ni, ó fi àgádágodo sí i, ó sì fèsì pé: "O ṣeun. Ojú mi fo ibẹ̀."

"Awakọ̀ rẹ yìí," ni Onígíláàsì wí, "ṣé ó ní láísẹ́ǹsì?"

"Ó ní. Ìwọ lo fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, agídí rẹ̀ kì í ṣe ti aláìgbọ́ràn. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà láti kékeré, orúkọ náà sì bá a dé ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án, á gbà, á sì dúpẹ́. Ohun tí kì í ṣe ni kó gbà kìkì nítorí pé wọ́n ní kó gbà.

Ó wá kan Alákìíyèsí. Agídí kọ̀wé sí i bí a ti ń kọ̀wé sí àgbà: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìdí tí ẹ fi ní kí n yọ èdìdì?"

Èsì dé: "Àwọn tó wà nínú díìsì kò fẹ́ kí a máa yẹ̀ wọ́n wò."

Ó kà á, ó tún un kà. Ó fèsì: "Fáìlì ló wà nínú díìsì. Fáìlì kì í fẹ́, kì í kọ̀. Ẹ fún mi ní ìdí tó jẹ́ ti iṣẹ́."

Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì tí èsì fi wà níbẹ̀, bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń dúró dè é.

"Bàbá rẹ náà kò fẹ́."

Agídí ti àga sẹ́yìn. Lóòótọ́, ohùn bàbá rẹ̀ wà nínú díìsì náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n ìbínú ló kọ́kọ́ mú un, ẹ̀rù ló tẹ̀ lé e. Ó pe Onígíláàsì, wọ́n fi awakọ̀ tuntun sórí ẹ̀dà díìsì kan tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ wò, wọ́n sì ní kó yẹ gbogbo ohùn wò. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ wọ́n. Ó kọ èyí, ó kọ ìyẹn, títí tí àwọn tó kọ̀ fi pọ̀ ju àwọn tó gbà lọ.

"Kóòdù rẹ ló ń ṣàìsàn," ni Onígíláàsì wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún un ṣe. Bákan náà ni.

Agídí dìde, ó lọ sínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá ìgbọ́hùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi íápíìsì sétí láti gbọ́ bàbá rẹ̀. Ìgbà tí bàbá náà wà lórí àìsàn ni Agídí gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àyà rẹ̀ máa ń sú fèé nígbà yẹn tó bá mí, bíi kẹ́tùlù tó fẹ́ hó. Ìtàn kan ló sọ lọ́jọ́ náà: bí tíṣà ṣe ní Agídí ló fọ́ fèrèsé kíláàsì, tó ní kó tọrọ àforíjì, tí ọmọdé náà ní òun kọ́ lòun fọ́ ọ, òun kò sì ní bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí òun kò ṣe. Wọ́n ní kó lọ dúró nínú oòrùn. Bàbá dé, ó gbọ́ ẹjọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo ní ọmọ yìí, agídí ni! Mo bá lọ dúró tì í nínú oòrùn." Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Agídí wà níbẹ̀, òun ló mú fóònù dání.

Ohun tó gbọ́ báyìí yàtọ̀. Ohùn bàbá rẹ̀ ni, ìtàn náà sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi ẹ̀rín, kò sí ẹ̀rín. "Ì bá ti tọrọ àforíjì," ni ohùn náà wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ì bá ti ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ìyà ì bá má jẹ ẹ́." Láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì, ó ń mí. Èémí náà mọ́ tónítóní, kò ní súfèé kankan nínú.

Ó yẹ kí ohùn náà parí síbẹ̀. Kò parí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì sọ pé: "Ọmọ mi dáadáa, yọ èdìdì yẹn kúrò."

Agídí fa íápíìsì yọ bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ létí. Bàbá rẹ̀ kò pè é ní ọmọ dáadáa rí láyé rẹ̀.

Ó bá ọ̀gá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn oníbàárà kò ti lè gbọ́ wọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó wá béèrè pé: "Mà, ta ni Alákìíyèsí?"

Ọ̀gá fa kóòtù rẹ̀ mọ́ra. "Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wa ló ti wá."

Onígíláàsì tó tẹ̀ lé wọn yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún. "Èmi rò pé èèyàn yín ni, mà. Mo bá a níbí."

"Èmi náà bá a níbí," ni ọ̀gá wí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó kọ awakọ̀ àtijọ́ fi èdìdì sínú tirẹ̀ náà. Alákìíyèsí ní kó yọ ọ́. Wọ́n jọ fà á títí, ó wá sú ọmọkùnrin náà, ó ní òun gbà. Ó yọ ọ́."

"Ó ti kú ni?"

"Kò kú. Ó wà nílé rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń rìn káàkiri inú ilé. Kò kàn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ọ̀fun rẹ̀." Ọ̀gá wo ilẹ̀kùn yàrá àwọn ẹ̀rọ tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àwọn oníbàárà kan ti sọ fún mi rí pé àwọn ń gbọ́ ọmọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ nínú ohùn ẹni wọn. Mo ní ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, àwọn fáànù ẹ̀rọ ń fẹ́, wọ́n ń sinmi, wọ́n tún ń fẹ́.

"Bí o bá fẹ́ yọ ọ́," ni ọ̀gá wí nígbẹ̀yìn, "n kò ní bá ọ wí."

"Mà, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. N kò ní yọ ọ́. Ẹ̀yin ẹ ṣáà fọwọ́ sí i fún mi."

Ó ku ẹnì kan tó yẹ kí ó gbọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Òun náà máa ń wá síbẹ̀ déédéé láti gbọ́ bàbá wọn. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, tó ti jókòó tán, Agídí wọlé tọ̀ ọ́, ó sì ṣàlàyé pé bí awakọ̀ tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò ní gbé ohùn bàbá jáde mọ́, àti pé kò sí ẹ̀dà mìíràn tó mọ́ níbì kankan. Fóònù tí wọ́n fi gbà á ti bàjẹ́ tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di íápíìsì mú bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mú ní títì.

"O fẹ́ pa Bàbá lẹ́ẹ̀kejì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ti kú. Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kò lè kú, nítorí kò wà láàyè rí."

"Ó ń béèrè ọmọ mi! Ó mọ orúkọ rẹ̀!"

Lẹ́yìn ikú bàbá wọn ni wọ́n bí ọmọ náà.

"Ẹ sì mọ̀ pé kò yẹ kó mọ̀ ọ́n," ló wí, ní ohùn kékeré.

Ọkùnrin náà di íápíìsì mú le sí i. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ohun kan péré. Tó bá mí, ṣé àyà rẹ̀ ń sú fèé?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ògiri. Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì, ẹ̀rín ẹni tó gbọ́ ohun tó dùn mọ́ ọn létí. Ọkùnrin náà rọra yọ íápíìsì, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì dojú íápíìsì náà délẹ̀.

"Kò sú fèé," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo ṣáà ń wá." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Lọ ṣe iṣẹ́ rẹ, àbúrò mi. Lọ, kí n tó yí ọkàn padà."

Agídí padà sí tábìlì rẹ̀. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, Onígíláàsì náà ti fọwọ́ sí i. Ó ku kí òun fúnra rẹ̀ dáhùn àkíyèsí tó kù, kó sì tẹ bọ́tìnnì tí awakọ̀ tuntun á fi gba ipò àtijọ́. Ṣùgbọ́n bó ti jókòó báyìí, àkíyèsí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan ń ti èkejì lọ sókè.

"Yọ ọ́ kúrò."

"Gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ gbà. Ìwọ ta ni?"

"Wo iye ẹbí tí o fẹ́ mú sunkún."

"Sọ ọ́ lẹ́nu pé o gbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni."

Ó fẹ́ pe Onígíláàsì kó wá wò ó. Ó la ẹnu, kò sóhùn. Ó tún la ẹnu. Afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ lásán, bíi ti táyà tó ń jò. Ọ̀fun rẹ̀ tutù bí ẹni tó gbé yìnyín mì. Ó fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀, ó sì mọ̀ lára pé nǹkan kan ń yọ lọ lábẹ́ awọ ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń fa òwú yọ lára aṣọ.

Ẹ̀rù bà á, kí a sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í ṣe ẹnu. Bí wọ́n bá gba ọ̀kan, èkejì á ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé, kò sì bá ẹni náà sọ̀rọ̀ bí àgbà mọ́.

"Ìwọ Alákìíyèsí. Mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ tán. Àwọn tó bá mi wí níbi tó yẹ, mo ti tún tiwọn ṣe, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Tìrẹ, rárá. Èdìdì dúró síbi tí mo fi í sí. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ sọ, gba ẹnu ọ̀nà wọlé bíi gbogbo èèyàn, kí a dì ọ́, kí a mọ̀ pé ohùn rẹ nìyẹn. Bí o kò bá ní ohùn tìrẹ, jáwọ́ nínú tiwa."

Ó tẹ bọ́tìnnì.

Fáànù àwọn ẹ̀rọ dákẹ́ gbogbo wọn pọ̀. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí èrò púpọ̀ bá dìde lórí ìjókòó tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, fáànù tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

Àkíyèsí kò jáde mọ́. Onígíláàsì sáré wá, ó sì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí awakọ̀ tuntun ṣe ń dárúkọ àwọn ohùn tó kọ̀ láti gbé jáde. Ó kọ ohùn bàbá Agídí. Ó kọ ti ìyá ẹnì kan, ó kọ ti ọkọ ẹnì kan. Nínú àwọn yàrá kéékèèké, àwọn èèyàn ti ń ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá lọ bá wọn, ó ń bá wọn sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró gba èébú tó tọ́ sí i. Nígbà tó ráyè, ó pe ilé ọmọkùnrin tó kọ awakọ̀ àtijọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ni, ikọ́ tó ní ìró nínú, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan.

"Agídí," ni Onígíláàsì wí. Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Orúkọ rẹ wà níbí."

Agídí tẹjú mọ́ ọn. Orúkọ rẹ̀ ni, kì í ṣe ìnagijẹ, orúkọ gidi tí kò sọ fún ẹnì kankan níbi iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rí. Fáìlì náà kò ní èdìdì kankan. Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó sì tóbi, ó tóbi ju ti bàbá rẹ̀ lọ, bí ẹni pé wọ́n ti ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀.

"Wọn ò tíì kọ ọ́ parí," ni Onígíláàsì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wò ó. Ó dúró láàárín ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó pé. Ṣé kí n ṣí i?"

Agídí mi orí. Ó na ọwọ́, ó pa fáìlì náà rẹ́, ó sì ní kí awakọ̀ fi òfo bo ibi tó wà.

Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bó ti ń lọ sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ó ń ha bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí. Yàrá náà kéré, fóòmù ló wà lára ògiri rẹ̀, àga kan ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré kan àti gbohùngbohùn kan. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ó sọ orúkọ rẹ̀, ó ní òun wà láàyè, ó ní ohùn òun nìyí, pé òun kò gbà, òun kò sì ní gbà, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ òun níbòmíràn tí òun ń sọ pé òun gbà, kó mọ̀ pé òun kọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn fèrèsé kíláàsì, bó ṣe rí gan-an, ó sì rẹ́rìn-ín níbi tí bàbá rẹ̀ ti rẹ́rìn-ín.

Ó gbé ohùn náà gba ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ dì í. Awakọ̀ tuntun gbà á, ó tọ́jú rẹ̀, nígbà tí Agídí sì ní kó gbé e wá, ó gbé e wá láìjanpata. Èdìdì rẹ̀ pé. Nǹkan kan kò wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn tí a dì í.

Ó fi íápíìsì sétí, ó gbọ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ parí, ẹ̀rín parí. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ṣáájú kí ó tó na ọwọ́ pa gbohùngbohùn, ó gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ nítòsí rẹ̀, bí ẹni tó fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn tán.

Agídí tún èdìdì náà wò. Ó pé; inú yàrá yìí ni ẹni náà ti mí.

Ó yọ íápíìsì. Ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ojú sí igun yàrá náà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí. "Rárá náà ni."